Bí Murdo Tolmie Ṣe Fọn Fèrè Níwájú Adájọ́ Tó Ti Bú

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ìdíje fèrè alápò ni ní Kilmorrach. Òjò winiwini ń sẹ̀, oòrùn náà ò sì gbà fún un. Lẹ́yìn àgọ́ tí wọ́n ti ń ta tíì, lábẹ́ igi kan létí odò, ni Murdo Tolmie dúró sí nínú kílìtì aláwọ̀ ewé, yẹ̀rì táwọn ọkùnrin ìlú wọn máa ń wọ̀, ó gbé fèrè rẹ̀ há abíyá bí ẹni gbé ewúrẹ́ tí kò fẹ́ bá a délé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Murdo ti ń kọ ìròyìn àti èrò ọkàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn afọnfèrè, kò sì sí afọnfèrè tàbí adájọ́ tí kò tíì fi kálámù gún. Nínú oṣù Kẹta, òǹkàwé kan kọ lẹ́tà, ó ní: "Ìgbà wo ni Murdo fúnra rẹ̀ fọn fèrè kẹ́yìn?" Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó fèsì pé kí gbogbo ayé wá wo òun ní Kilmorrach. Ọjọ́ ọ̀hún ló wá pé yìí. Orúnkún ń dun Una ìyàwó rẹ̀, kò lè wá. Àbúrò Una, Senga Purdie, ló wa mọ́tò gbé e wá, obìnrin tí kò mọ̀ nípa fèrè alápò ju pé ó máa ń pariwo.

Fèrè náà ké fáà, ó sì dákẹ́.

"Bọ̀dá Murdo, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Mò ń tún ohùn ẹ̀ ṣe ni."

"Nǹkan tí ò bàjẹ́ lẹ ń tún ṣe?"

"Senga, kò sí afọnfèrè tí kì í tún ohùn ṣe kó tó jáde síwájú adájọ́."

"Ẹ ò bá ti tún un ṣe láti ilé wá. Odindi oṣù mẹ́ta lẹ fi wà nínú bálùwẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ológbò yín ti kó lọ sílé aládùúgbò."

"Kí ni ológbò mọ̀ nípa orin?"

"Ó mọ ọ̀nà ìta, ṣá."

Murdo yí ẹ̀yìn sí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún yíjú padà, nítorí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kó máa ṣàlàyé fún ẹni tí kò béèrè.

"Tẹ́tí sílẹ̀, kó o lè rí nǹkan sọ fún Una. Ọ̀pá mẹ́ta tó wà léjìká mi yìí, kíkùn niṣẹ́ wọn. Ohùn kan náà ni wọ́n á máa kùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò ní sinmi, wọn ò sì ní yí i padà."

"Bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn nìyẹn."

"Èyí tó wà níwájú yìí ni ìka ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Màá fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò, màá gbé àpò sábẹ́ apá, màá sì máa fún un."

"Kí lẹ ó máa fún un?"

"Kí ni kẹ̀? Mo ní màá máa fún un. Fún un!" Murdo fi apá fún àpò náà, fèrè sì kérora.

"Mo ti gbọ́. Mo ní kí lẹ fẹ́ fún un? Búrẹ́dì ẹlẹ́yin ṣì ku méjì nínú agbọ̀n."

"Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ń fún un!"

"Háà, Bọ̀dá Murdo. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fúnni ní nǹkan. Ta ló kọ́ yín nírú ìwà yẹn?"

Murdo dijú. Ó kà dé mẹ́wàá nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tó lajú, Senga ṣì wà níbẹ̀.

"Ahọ́n ẹ̀ gan-an ló ń dà mí láàmú," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó ti gbẹ."

Kó tó pa ẹnu dé, Senga ti ṣí fúláàsìkì, ó ti bu tíì sí ìdérí rẹ̀, ó sì ti nà án sí ẹnu fèrè.

"Gbé e kúrò! Gbé e kúrò kíá! Ahọ́n fèrè ni mo wí! Pẹlẹbẹ esùsú tín-ín-rín kan ni, inú ọ̀fun ẹ̀ ló wà!"

"Ó láhọ́n, ó lọ́fun, ó tún ń kérora. Kí ló dé tí kò fi lè mu tíì? Mo fi ṣúgà sí i."

"Senga, àna mi àtàtà, ṣe mí lóore kan. Wo tábìlì tó wà lẹ́nu àgọ́ funfun yẹn. Lọ bá mi forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kó o sì bá mi wádìí adájọ́ tí wọ́n yàn fún wa. Máa sáré lọ."

Senga gbé agbọ̀n oúnjẹ lọ́wọ́, ó la ẹrọ̀fọ̀ kọjá lọ. Ní ọ̀nà ọ̀hún lọ́hùn-ún, àwọn géńdé ń ju òpó igi, àwọn ọmọbìnrin ń fò sókè lórí pátákó ijó. Murdo fẹnu sí fèrè. Bó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ni kantíkantí tú jáde láti etí odò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lára fèrè, kò lè lé wọn. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé tòsì. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì.

Senga ti padà dé. "Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ máa jó."

"Mi ò jó! Ìdíje, Senga! Ìdíje ni kó o sọ fún mi!"

"Mo rí i, wọ́n ń jẹ yín nídìí. Kantíkantí ibí yìí ò mọ àgbà. Ẹni tó wọ ṣòkòtò nìkan ló ríbi sá sí lónìí."

"Ìdíje ni mo wí! Ìdíje fèrè! Kí ni wọ́n sọ lọ́hùn-ún?"

Ojú Senga tàn bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. "Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá o. Mo ti bá yín gba ipò kìíní!"

Ẹnu Murdo já kúrò lára fèrè. "Ìdíje ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ìyẹn lẹ ṣe máa mọ̀ pé mo tètè dé. Ó ṣófo lórí ìwé, ẹnikẹ́ni ò mú un! Ọkùnrin kan tó dúró níwájú mi tiẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi òun sí ìkọkànlá. Mo wò ó, mo ní, irú èèyàn wo lèyí? Mo ní ẹ kọ Murdo Tolmie sí ìkíní, kíá. Gbogbo àwọn afọnfèrè tó wà níbẹ̀ ló pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀kan tiẹ̀ dì mọ́ mi."

"Senga. Ìgbà tí kálukú máa jáde fọn ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ yẹn. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ jáde!"

"Ẹ ti ṣíwájú wọn nìyẹn."

"Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kọ́kọ́ jáde! Etí adájọ́ ò tíì gbóná. Ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń wọn àwọn yòókù, bí ìgbà tí wọ́n bá fi kóńgò wọn ìyẹ̀fun. Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti fún kóńgò lẹ́bùn rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní kóńgò lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

Murdo fọwọ́ lérí. "Ó dáa. Ó ti ṣẹlẹ̀. Ta ni adájọ́?"

"Bàbá pẹ̀lẹ́ kan ni. Gilruth. Wattie Gilruth."

Murdo jókòó lórí àpótí fèrè rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn wò.

Ó nídìí. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, lórí pápá yìí kan náà, Wattie Gilruth yìí kan náà gbọ́ fèrè Murdo, kò sì fún un ní ohunkóhun. Ọjọ́ náà ni Murdo da fèrè sínú àpótí tó sì gbé kálámù. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tó kọjá tí kò gbé Gilruth sójú ìwé. Oṣù tó kọjá gan-an ló kọ ọ́ pé, bí màlúù bá ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá àwọn afọnfèrè, màlúù ni Gilruth máa fún lẹ́bùn, á sì ní kí ọ̀gá máa lọ jẹ koríko.

"Kò burú," ni Murdo wí fún ara rẹ̀. "Bóyá kò tíì ka ti oṣù tó kọjá. Apá ọ̀dọ̀ wọn jìnnà. Lẹ́tà kì í tètè débẹ̀."

"Ó ti kà á," ni Senga wí.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi ni mo fún un."

"Kí lo fún un?"

"Ìwé ìròyìn náà. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi wé búrẹ́dì. Bí mo ṣe ń tú u báyìí ni mo rí orúkọ bàbá yẹn nínú ẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà! Mo ní inú ẹ̀ á mà dùn o. Èèyàn mélòó ni wọ́n ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́fà?"

"Ṣé o kà á kó o tó gbé e fún un?"

"Mo ka orúkọ ẹ̀. Ìyókù ti gùn jù."

Odò ń ṣàn lọ. Murdo wò ó bí ẹni tó fẹ́ bá a lọ. "Kí ló wá ṣe?"

"Ó wọ jígí, ó kà á. Ó bọ́ jígí, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó tún kà á. Ó ní ṣé òun lè mú un. Mo ní ẹ mú un, bàbá, a ti jẹ èyí tó wà nínú ẹ̀. Ó ká a mẹ́rin, ó fi í sínú àpò awọ iwájú kílìtì ẹ̀."

"Kò wí nǹkan kan?"

"Ó ní òun ń retí yín."

"Ṣé ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́?"

"Eyín ẹ̀ hàn."

"Eyín ajá náà máa ń hàn, Senga." Murdo dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú fèrè. "Gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá. Ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí orúnkún Una."

"Orúnkún Una ló ní kí n má fún yín ní kọ́kọ́rọ́."

"Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Senga, bí ó bá padà wálé láì fọn ín, inú bálùwẹ̀ yẹn ló máa sùn, màá sì ti ìlẹ̀kùn látìta.' Ó ní òun ò lè fi etí òun jẹ irú ìyà yẹn fún oṣù mẹ́ta lásán."

"Mi ò sọ pé mi ò ní fọn. Mo kàn ní..."

"Ẹ̀rù ń bà yín."

"Ẹ̀rù? Èmi Murdo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan, èmi ò kúkú gbọ́n. Gbogbo àwọn tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé nípa wọn láti ọjọ́ yìí, ṣé báyìí náà ni inú wọn ṣe máa ń rí kí wọ́n tó jáde?"

Murdo yíjú padà. Ó wo àwọn igi yòókù létí odò. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni afọnfèrè kan dúró sí. Ọ̀kan ń nu ọwọ́ mọ́ kílìtì, ó tún ń nù ún. Òmíràn kọjú sí igi bí ẹni ń gbàdúrà. Ẹni kẹta ń bì sínú koríko. Murdo mọ gbogbo wọn lórúkọ. Ó ti kọ̀wé nípa gbogbo wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to fèrè rẹ̀ padà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí níkẹyìn. "Báyìí náà ló máa ń rí."

"Wọ́n sì ń jáde?"

"Wọ́n ń jáde."

"Àwọn èèyàn yìí láyà o," ni Senga wí.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ: Murdo Tolmie. Senga bá a gbọn èérún búrẹ́dì kúrò láyà, ó sì tì í lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Bí Murdo ṣe dórí pátákó náà kò yé e. Ó kàn rí i pé òun wà níbẹ̀, Gilruth sì jókòó sídìí tábìlì níwájú rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn, kálámù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Murdo fẹ́ atẹ́gùn, ó fún àpò, orin sì jáde. Ìlà àkọ́kọ́ dúró ṣinṣin. Ìlà kejì dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ gbàgbé ẹni tó wà níwájú òun. Ní ìlà kẹta ni kantíkantí kan bà lé e nímú. Ìka rẹ̀ ṣìnà, ọ̀pá kan dákẹ́ léjìká rẹ̀, òógùn sì bò ó. Ẹni tó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pé kí afọnfèrè tó bá ṣìnà sọ̀kalẹ̀ kó máa lọ sílé, kò sọ̀kalẹ̀. Ó wá ọ̀nà kiri, ó rí i, ó sì fọn orin náà dópin. Gilruth ò gbójú sókè. Ó ń kọ̀wé, ó ń kọ̀wé, ó yí ìwé sódì kejì, ó tún ń kọ̀wé.

Senga pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú àtẹ́wọ́. "Ó dùn!"

"Ọ̀pá kan dákẹ́."

"Mo gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ló dùn jù."

Wọ́n jókòó sínú mọ́tò títí àwọn mẹ́wàá yòókù fi fọn tiwọn tán. Murdo ò sọ èrò kankan nípa ẹnikẹ́ni, débi pé Senga fọwọ́ kàn án níwájú orí, bóyá ibà ló dé. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ó rán Senga lọ gba ìwé tí adájọ́ kọ. Ó dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ kan, nǹkan tí wọ́n dì sínú páálí lọ́wọ́ kejì.

"Kà á fún mi," ni Murdo wí, ó sì dijú. "Má fo ìkankan."

"'Irọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì kún.'"

"Irọ́? Ó ní mo purọ́?"

"Ẹ ní kí n má fo ìkankan."

"Ìró ni, Senga! Ìró! Ó ní ìró fèrè mi mọ́!" Ó lajú kan. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́ lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́. 'Ìlà kejì dùn mọ́ mi púpọ̀. Ní ìlà kẹta ó ṣìnà, ó gba ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni, ṣùgbọ́n ó padà sí títì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀pá kan dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ohunkóhun tó bá jẹ́ ti Ọ̀gbẹ́ni Tolmie láti dákẹ́, nítorí náà mo gbóríyìn fún ọ̀pá náà.' Ó wá fa ìlà sídìí ẹ̀, ó ní, 'Ìkejì.'"

"Ìkejì wo? Ìkíní ni mo jáde. Ṣé o tún ti lọ bá wọn sọ nǹkan ni?"

"Ipò ẹ̀bùn ni, Bọ̀dá Murdo. Ẹ ṣe ipò kejì nínú mọ́kànlá. Ife yín rèé."

Ó tú páálí. Ife fàdákà kékeré kan ni, kò ju èyí tí wọ́n ń gbé ẹyin sísè kan lé lọ. Murdo gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Kantíkantí," ló wí.

"Nínú mọ́tò?"

"Wọ́n ń tẹ̀ lé èèyàn."

Senga ò ṣáná sí mọ́tò. Ó ń ro nǹkan, ìrònú sì máa ń gba gbogbo ojú rẹ̀. "Bọ̀dá Murdo, ẹ ò ní dá ife yìí padà?"

"Nítorí kí ni?"

"Mo ti béèrè ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn yẹn lọ́wọ́ ìyá tó ń ta tíì. Gbogbo wọn ló ti kà á. Ẹ ní etí bàbá yẹn ò gbọ́ràn, ẹ ní màlúù ló máa ń fún lẹ́bùn. Òun náà ló wá fún yín ní ife."

"Ìyẹn ti oṣù tó kọjá. Etí ẹ̀ ti yá. Mo rí i lónìí pẹ̀lú ojú mi pé etí ẹ̀ ti yá."

"Ó dáa. Ìgbà wo ló ṣàìsàn etí gan-an? Torí bí etí ẹ̀ bá gbọ́ràn lónìí tó ti darúgbó, àfàìmọ̀ kó má gbọ́ràn jù báyìí lọ lọ́jọ́ tí kò fún yín ní nǹkan kan."

Murdo fẹ́ dáhùn. Gbogbo ìdáhùn tó ti kọ sínú ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún tò síwájú rẹ̀, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí èyí tó ṣeé gbé jáde níwájú ife fàdákà. Ó gbé ife náà lé orúnkún.

"Mo yára jù lọ́jọ́ náà," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ní ìlà kẹrin. Mo ti mọ̀ kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí pátákó."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ìwọ ni mò ń sọ fún yìí."

Ní iwájú àgọ́, Wattie Gilruth jáde síta pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó rí wọn nínú mọ́tò, ó gbé ife tíì náà sókè díẹ̀. Murdo wo ife fàdákà ọwọ́ rẹ̀, ó wá gbé òun náà sókè sí i. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà pápá, tí mọ́tò tò lọ rẹrẹ níwájú wọn tí wọn ò lè rìn, ó fa ìwé jáde, ó fi í lé Senga lọ́wọ́ pẹ̀lú bírò.

"Ọwọ́ mi ò ráyè, ife wà nínú ẹ̀. Bá mi kọ ọ́, kó lè bá ìwé ìròyìn oṣù yìí jáde. Kọ ọ́ pé: 'Ní Kilmorrach lọ́dún yìí, ẹ̀tọ́ ni wọ́n fi dájọ́.'"

"Mo ti kọ ọ́."

"'Adájọ́ Gilruth tẹ́tí, ó sì gbọ́ orin dé eegun rẹ̀. Èmi tí mo ti kọ òdì kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ṣì í gbọ́, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.'"

Senga dá bírò dúró, ó wò ó tìyanu-tìyanu. "Bọ̀dá Murdo, inú Una máa dùn tó bá kà á. Ẹ̀yin lẹ ṣe ipò kejì, abi? Ta ni kí n kọ pé ó ṣe ipò kìíní?"

"Apínlẹ́tà kan láti erékùṣù. Nan Petrie."

"Kí ni kí n kọ nípa tiẹ̀?"

Murdo nu ife fàdákà náà mọ́ kílìtì rẹ̀, ó wo ojú sánmà.

"Kọ ọ́ pé: 'Nígbà tí Nan Petrie ń fọn tiẹ̀, ìjì díẹ̀ ń fẹ́ sí adájọ́ létí.'"